Ilẹ̀ Tí Susanna Kò Fọwọ́ Sí

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Susanna bá mi sọ ni pé kí n dìde níbi tí mo jókòó sí. Ó ti kú báyìí, èmi náà sì ti dàgbà, ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ náà dáadáa.

Àgbàlá bàbá wa ní Ayọ̀bọ̀ ni, nígbà ọyẹ́, lọ́dún 1990. Mo jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́, ẹ̀rọ náà sì ń dún bíi gúgúrú tó ń ta lórí iná. Bó ṣe ń sún mọ́ mi ni ẹ̀rọ ń kánjú sí i.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ máa bọ̀ níhìn-ín."

"Ilé bàbá mi nìyí o."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ṣá dìde."

Mo dìde.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Simeon, ló gbé wọn wá. Irin àlòkù ló ń rà tó ń tà. Ó ra irin wúwo kan, ó fi òòlù fọ́ ọ lẹ́bàá kànga, ìyẹ̀fun kan sì dà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fọwọ́ gbá a jọ. Kò pẹ́ tí ọwọ́ náà fi wú, ó bó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Àwọn dókítà ló ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwádìí agbára átọ́míìkì tí Susanna ti ń ṣiṣẹ́.

"Ìtànṣán olóró ló wà nínú ìyẹ̀fun yẹn," ó sọ fún gbogbo wa. "Ojú ò rí i, imú ò gbóòórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹran ara."

Wọ́n kó ìyẹ̀fun náà lọ, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ lọ, wọ́n dí kànga pa. Lẹ́yìn náà, Susanna ń padà wá déédéé láti wọn ilẹ̀ náà. Èmi ni mo máa ń sìn ín lọ wọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà.

"Kí gan-an niṣẹ́ yín?" mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Níbi iṣẹ́ wa, èmi ni mò ń yẹ ààbò wò. Mo máa ń jókòó ro gbogbo aburú tó lè ṣẹlẹ̀, kó má bàa ṣẹlẹ̀."

"Iṣẹ́ ìyá mi náà nìyẹn. Wọn ò kàn sanwó fún un ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dúró sójú ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́dún yẹn, a ti yé fi "ẹ" bá ara wa sọ̀rọ̀, "o" la wá ń lò. Akọ̀wé káńsù ni mí, ìwé girama ni mo kà. Òun lọ sí yunifásítì. Kò torí ìyẹn fojú tẹ́ńbẹ́lú mi rí. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á ní, "Akin tèmi." Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi ti kú; àbúrò rẹ̀, Bàbá Yésúfù, ni olórí ẹbí wa. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ibi kànga náà láti kọ́ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Oníbàárà yìí ní àfi kí ilé iṣẹ́ Susanna kọ̀wé pé ilẹ̀ ti mọ́. Susanna ló sì máa fọwọ́ sí ìwé náà.

Ọjọ́ tí mo mú un wá kí wọn, ìyá mi gbé omi fún un. Bàbá Yésúfù wò ó dáadáa.

"Ìyàwó wa, káàbọ̀. Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, sà. Gowon Estate làwọn òbí mi ń gbé."

"Ó dáa. Gbogbo ẹbí la máa kó wá tọrọ rẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ṣe tiwa fún wa. Fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ yẹn."

"Ilẹ̀ yẹn ò tíì mọ́, Bàbá."

"Ṣebí ẹ ti kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ."

"Èyí tó ti rì wọlẹ̀ ló kù. Àwọn ọmọ kéékèèké ló máa ṣeré níbẹ̀, sà. Ọwọ́ tí wọ́n bá fi walẹ̀ náà ni wọ́n máa kì bọnu."

"Ìgbà wo ló máa wá mọ́?"

"Ó lè tó ọgbọ̀n ọdún. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Bàbá Yésúfù yíjú sí mi. "Akínbọ́lá, o ò ṣe é tì. Ìyàwó tó fẹ́ febi pa ẹbí ọkọ kó tó wọlé lo lọ mú wá. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ẹnì kankan nínú wa ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá rẹ̀."

Ìyá mi gbé ife omi náà kúrò níwájú Susanna.

Èmi nìkan ni mo lọ bá bàbá Susanna. Onísùúrù ni, òun ló máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn. Ó gbọ́ tẹnu mi tán.

"Mi ò kórìíra rẹ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé láàárín yín lọ́la, ta ni mo máa pè? Mú ẹbí rẹ wá."

Susanna sìn mí jáde. Ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀sítéètì, ó di apá mi mú.

"Akin, bí mo bá fọwọ́ sí i, a ti di tọkọtaya nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Sọ pé kí n fọwọ́ sí i."

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o ò fẹ́ mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọwọ́ Simeon."

Ó sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo ayé. Mo dúró tì í. Kò fọwọ́ sí i.

Wọ́n gé ọwọ́ Simeon, ṣùgbọ́n àìsàn náà ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ní kí n mú òun lọ sí Gowon Estate. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Susanna, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ò gbé e; àyà rẹ̀ ló fi balẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni ẹbí rẹ̀?" Bàbá bi í.

"Èmi ni, sà. Àwọn tó kù ń bínú ilẹ̀. Ọmọ yín kọ̀ kí irú èyí ṣe ọmọ ọlọ́mọ." Ó gbé kùkùté apá rẹ̀ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa."

Bàbá gbé e dìde fúnra rẹ̀. "Mo ti fún yín."

Simeon kú kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Níbi ìsìnkú, ìyá mi ní Susanna ò gbọdọ̀ dé ibi sàárè. "Ẹ̀rọ rẹ̀ ló pe ikú wọlé wa." Susanna ò jiyàn. Ó dúró sí òdìkejì títì nínú oòrùn títí a fi bo ẹ̀gbọ́n mi tán.

A fẹ́ ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Sátidé kan. Gbogbo ìjókòó apá òsì ni ẹbí rẹ̀ kún. Apá ọ̀tún, tó jẹ́ ti ẹbí ọkọ, ṣófo. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹbí ìyàwó pátápátá ni wọ́n jókòó sí. Kò sẹ́ni tó láyà láti jókòó síbi tí ìyá mi ì bá jókòó. Mo dúró níwájú, mi ò bojú wẹ̀yìn.

Bàbá Susanna mú un wọlé. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ìyá Susanna ti sún fún ọkọ rẹ̀ lórí ìjókòó, ó ń fọwọ́ pè é. Bàbá wò ó, ó sì wo apá tèmi. Ó kọjá síwájú pẹpẹ, ó lọ jókòó sórí ìjókòó àkọ́kọ́ níbi ẹbí ọkọ, ní òun nìkan. Ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

Àlùfáà dárúkọ orin, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ohùn àgbàlagbà kan ṣoṣo ló ń ti apá ọ̀dọ̀ mi wá.