Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Kannakánná

Màmá Nọ́ọ̀sì kì í pariwo. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ohùn tó fi máa ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ló ṣì fi ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ó fi ìka méjì gbé wáípà ọkọ̀ rẹ̀ sókè bí ẹni tó gbé òkú eku nírù, ó sì bi bàbá mi léèrè níṣojú gbogbo wa pé rọ́bà rẹ̀ dà.

Irin nìkan ló kù. Rọ́bà tó ń nu gíláàsì ti lọ, èyí tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ rí játijàti. Ọkọ̀ kẹta tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí nínú ọgbà wa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kó tó di ọ̀sán òun á ti fi tuntun sí i. Nígbà tí màmá náà jókòó, bàbá mi yíjú kúrò lára ọkọ̀, ó sì tẹjú mọ́ Bọ̀dá Pẹ́ńtà.

Mẹkáníìkì ni bàbá mi. Bọ̀dá Pẹ́ńtà ló ń kun ọkọ̀ tí bàbá mi bá tún ṣe tán. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn tilẹ̀ rò pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Nítorí eruku, ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo èèyàn bá ti lọ ni Bọ̀dá Pẹ́ńtà máa ń kun ọkọ̀, òun ló máa ń kẹ́yìn jáde, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ẹnu ọ̀nà ń wà. Ó tún wá ṣẹlẹ̀ pé àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní òdìkejì ọ̀nà, wáípà tuntun ló sì kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fura kò nílò ju ìyẹn lọ.

Mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ fún màmá mi lórí fóònù nínú ọ́fíìsì pé bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo mọ ẹni tó ń bá wí. Mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ ẹni tó ń fa rọ́bà yọ. Ọ̀rẹ́ mi ni.

Oṣù méje ṣáájú ni tíṣà bàọ́lọ́jì wa ti sọ fún wa pé kannakánná máa ń dá ojú èèyàn mọ̀, pé bó bá ti mọ ẹ́ kò ní gbàgbé ẹ. Gbogbo kíláàsì gbà á gbọ́, wọ́n sì sùn lọ. Èmi ò gbà á gbọ́. Mi kì í gba nǹkan gbọ́ tí mi ò bá tíì fojú ara mi rí i, ìdí nìyẹn tí Bọ̀dá Pẹ́ńtà fi sọ mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn ọgbà iṣẹ́ bàbá mi ni ilé wa wà, ògbólógbòó ọkọ̀ kan tí kò ní táyà mọ́ sì jókòó sí igun ọgbà níbẹ̀. Kannakánná mẹ́ta máa ń bà sórí rẹ̀ láràárọ̀. Mo bu ẹ̀pà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sì dúró.

Ẹ̀dá tó fura tó kannakánná, mi ò tíì rí i. Odindi oṣù kan ni wọ́n fi wò mí láti orí òrùlé, wọn ò sì sọ̀ kalẹ̀ àfìgbà tí mo bá lọ. Bí mo bá tẹjú mọ́ wọn, wọ́n á fò. Bí mo bá wọ aṣọ mìíràn, wọ́n á fò. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé kan náà lójoojúmọ́, mo ń su irú súfèé kan náà, mo sì ń wo ẹsẹ̀ ara mi bí ìyàwó tuntun. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sún mọ́ mi. Mo pe èyí tó tóbi jù ní Lọ́yà, nítorí pé ọrùn rẹ̀ funfun, gbogbo ara rẹ̀ yòókù sì dúdú, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó kí òun tó lanu.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe rèé. Atẹ́gùn máa ń gbá ẹ̀pà dà nù lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan mo gbé wáípà ògbólógbòó ọkọ̀ náà sókè, mo fi ẹ̀pà há abẹ́ rọ́bà rẹ̀, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á lè yọ ọ́. Ọjọ́ méjì ni Lọ́yà fi wò ó. Lọ́jọ́ kẹta ó fi ẹnu gbá rọ́bà náà mú, ó fà á, ẹ̀pà yí jáde. Mo jó nínú ọgbà bí ẹni tó yege ìdánwò. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ̀ ọ́n, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi. Nígbà tó di oṣù keje tí mo ti ń bọ́ wọn, Lọ́yà gba ẹ̀pà lọ́wọ́ mi. Ó kàn fi ẹnu kan àtẹ́lẹwọ́ mi fẹ́rẹ́, ó sì lọ. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ohun tí mi ò rò ni pé wáípà ni wáípà lójú kannakánná. Kò mọ ọkọ̀ tó ti kú yàtọ̀ sí ọkọ̀ oníbàárà. Lọ́jọ́ tí rọ́bà ọkọ̀ kejì sọnù, mo gbàgbé ìwé ìṣirò mi sílé, mo sì padà wá mú un. Lọ́yà ni mo bá lórí ọkọ̀ aláwọ̀ aró kan, ó ń fa rọ́bà jáde bí ẹni tó ń fa ekòló, bí kò bá rí ẹ̀pà níbí, á tún fà á níbòmíràn. Ẹ̀rù bà mí. Mo ju ẹ̀pà sí i kó lè kúrò níbẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó sì wò mí bí ẹni pé mo ní ó káre.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi kò fẹ́ràn kannakánná rárá, ó ní ibi yòówù kí ó bà sí, olè ló wá jà. Mo mọ̀ pé bó bá gbọ́, májèlé ni yóò fi sínú búrẹ́dì. Mo tan ara mi pé rọ́bà lásán ni, pé bí mi ò bá ti fi ẹ̀pà há wáípà mọ́, wọ́n á gbàgbé. Wọn ò gbàgbé.

Kó tó di Sátidé yẹn, ojú kò gba ojú mọ́ nínú ọgbà. Bàbá mi ń so òwú dúdú mọ́ àgádágodo lẹ́yìn tí Bọ̀dá Pẹ́ńtà bá ti lọ, kó lè mọ̀ bóyá ó padà wá. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní ìfura loògùn àgbà. Bọ̀dá Pẹ́ńtà rí òwú náà, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó ń kó agolo ọ̀dà rẹ̀ lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ó rò pé wọ́n fẹ́ fi nǹkan pamọ́ sáàárín rẹ̀ láti kó bá òun. Àwọn méjì tó máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ wá di ẹni tó ń kí ara wọn bí àlejò.

Lọ́sàn-án Sátidé yẹn, àbúrò ìyàwó Bọ̀dá Pẹ́ńtà gbé wáípà tuntun wá fún ọkọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì. Bàbá mi wo wáípà náà, ó wo ẹni tó gbé e wá, ó sì na ọwọ́ sí Bọ̀dá Pẹ́ńtà.

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Ọ̀gá, kí ni mo ṣe?"

"Mi ò ní o ṣe nǹkan kan. Mo ní kí o mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Ẹ ní mi ò ṣe nǹkan kan, ẹ sì ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lójú oníbàárà. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá."

"Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu," ni bàbá mi wí.

Bọ̀dá Pẹ́ńtà yíjú kúrò lára bàbá mi. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ wọ inú ọgbà yìí láràárọ̀. Kí lo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí?"

Gbogbo wọn wò mí. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà wà, mo sì rántí ẹnu Lọ́yà lórí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo rántí búrẹ́dì onímájèlé. Mo ní, "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, sà."

Bọ̀dá Pẹ́ńtà gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fọ ìbọn tó fi ń fọ́n ọ̀dà, ó nù ún gbẹ, ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ. Mo wọlé lọ sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún mi kò ṣe é láǹfààní kankan.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn kannakánná tún fa rọ́bà ọkọ̀ mìíràn ya. Mo rò pé bàbá mi á wá mọ̀ báyìí pé kì í ṣe Bọ̀dá Pẹ́ńtà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfura bá ti dé sí lọ́kàn, ohun gbogbo ló ń rí bí ẹ̀rí. Ó ní ó dájú pé Bọ̀dá Pẹ́ńtà ti gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ mìíràn pamọ́. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì pé kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe fún ọkùnrin náà ní ọkọ̀ kùn mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé wọn. Orí tábìlì ni mo ti ka lẹ́tà náà. Bọ̀dá Pẹ́ńtà ní ọmọ mẹ́rin, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́.

"Kannakánná?" ni bàbá mi wí. "Kí ni kannakánná fẹ́ fi rọ́bà ṣe? Ṣé Pẹ́ńtà ló rán ẹ sí mi?"

Mo kó ìwé mi wá, kò wò ó. Mo ní kó dákun, kó bá mi jí láàárọ̀ ọ̀la, kó fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì ọ́fíìsì. Ó gbà, ṣùgbọ́n mo rí i pé èmi náà ni ó ń fura sí báyìí.

Lọ́jọ́ kejì, mo su súfèé títí ẹnu fi ń dùn mí. Àwọn kannakánná bà sórí òrùlé, wọn ò sọ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan. Lọ́yà wo fèrèsé ọ́fíìsì, ó wo èmi náà. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì wo ẹsẹ̀ ara mi. Ó pẹ́ kó tó fò wálẹ̀. Ó gba ẹ̀pà lọ́wọ́ mi, ó fò sórí ọkọ̀ tó sún mọ́ wa jù lọ, ó sì mú rọ́bà wáípà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Èmi nìkan ló gbára lé tó fi sọ̀ kalẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo ti tà á.

Bàbá mi ṣílẹ̀kùn. Àwọn kannakánná fò. Ó gbé wáípà náà sókè, ó wò ó títí.

"Ìwọ lo kọ́ wọn?"

"Èmi ni, sà."

"O mọ̀ lọ́jọ́ Sátidé?"

"Mo mọ̀, sà."

Kò nà mí. Ó dùn mí ju kó nà mí lọ. Ó wọlé, ó fa lẹ́tà náà ya, ó sì ní kí n wọ bàtà.

Nílé Bọ̀dá Pẹ́ńtà, bàbá mi bẹ̀bẹ̀ bí mi ò ṣe gbọ́ ọ kó bẹ̀bẹ̀ rí. Ó ní òun ló ṣe ohun tí àgbà òṣìkà ń ṣe, pé òun dá ẹjọ́ tí òun kò gbọ́. Èmi náà wà lórí ìkúnlẹ̀. Bọ̀dá Pẹ́ńtà ní òun ti dárí jì wá. Ó sì bi bàbá mi léèrè ìbéèrè kan.

"Ọ̀gá, ká ní ọmọ yìí ò sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ṣé olè ni mo máa jẹ́ títí mo fi máa kú?"



Èmi ni bàbá mi ní kí n lé àwọn kannakánná lọ, ó ní òun kò ní lo májèlé bí mo bá lé wọn dáadáa. Mo wọ súwẹ́tà mi, mo lu agolo, mo ju òkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn méjì tètè lọ. Lọ́yà dúró, ó rò pé mo ní nǹkan fún òun. Ó di òkò kẹta kó tó yé e. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lọ sílé ìwé, wọ́n á máa ké lé mi lórí láti òkè òrùlé, èmi nìkan láàárín gbogbo èrò. Tíṣà wa kò parọ́.

Bọ̀dá Pẹ́ńtà padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gba kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kó tó lọ sílé, á pè mí, á ní kí n fọwọ́ kan wáípà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan níṣojú òun, kí n sì sọ ọ́ sókè pé ó pé. Bàbá mi ti bẹ̀ ẹ́ kó jáwọ́, ó ní rárá, ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó fura sí aláìṣẹ̀ nìkan ló jẹ̀bi. Ẹni tó mọ òótọ́ tó sì dákẹ́, òun ló ń bọ́ ìfura náà yó. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá bi yín, torí èyí tí mo sọ ní Ọjọ́rú gba Bọ̀dá Pẹ́ńtà lọ́wọ́ lẹ́tà, kò gbà á lọ́wọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Sátidé.