Tàbí Èyí Tó Jọ Ọ́

Ìyá aránṣọ ṣí fèrèsé yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, ògiri ni wọ́n bá pàdé. Ògiri ilé ìdáná ni, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú.

"Ọmọ mi, òkun dà?"

Dókítà ti sọ pé ojú ìyá lè má ríran mọ́ kí ọdún tó parí, òkun sì ni ìyá ní àwọn fẹ́ rí kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí aránṣọ, ọmọ wọn, fi sanwó ìrìn àjò àsopọ̀: ọkọ̀, yàrá àti oúnjẹ, lọ́wọ́ alágbàtà kan ṣoṣo. "Yàrá tó kọjú sí òkun" ló wà nínú ìwé, gàdàgbà.

Ó pe alágbàtà lórí fóònù.

"Màdáámú, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé yín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 'tàbí èyí tó jọ ọ́'. Ẹ sì fọwọ́ sí i."

"Ògiri wá jọ òkun? Bí oníbàárà bá gbé àrán fún mi, tí mo gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé e lọ́wọ́, ṣé màá ní ó jọ ọ́?"

"Hòtẹ́ẹ̀lì ló ṣe é, kì í ṣe àwa. Àwọn ni kẹ́ ẹ bi."

Ó bi hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní alágbàtà ni kó lọ bi.

"Jẹ́ ká máa lọ sílé," ni ìyá wí. "Ògiri tiwa tiẹ̀ sàn, a kùn ún lọ́dà."

Tísà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí yàrá wọn kángun sí ti aránṣọ àti ìyá, gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ má lọ o. Bẹ́ ẹ bá délé kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, alágbàtà á ní ẹ ti gbádùn tán. Aránṣọ, ya fọ́tò ògiri yẹn. Kọ ẹjọ́ rẹ ránṣẹ́ nísinsìnyí, kó wà lákọsílẹ̀. Ẹni tó ta gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọ ló máa dáhùn fún gbogbo rẹ̀. Kó tún un ṣe láìgba nǹkan kan lé e, tàbí kó dá owó padà. Bó bá kọ̀, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ń bẹ."

Aránṣọ fi fọ́tò ògiri ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán òkun tí alágbàtà fi polówó. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ fi ibi tí wọ́n ti jọra hàn mí."

Kò pé wákàtí méjì tí fóònù fi dún. Ohùn alágbàtà ti rọ̀ bí òwú. Nígbà tó máa di ọ̀sán, wọ́n ti kó wọn lọ sí yàrá iwájú.

Ìyá dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wo òkun.

"Kò mà lópin," ni wọ́n sọ. "Gbé àga wá."

Aránṣọ gbé àga, àmọ́ inú rẹ̀ ò tíì rọ̀. Èèyàn mélòó ló ti wo ògiri tán, tó sì padà sílé láìfọhùn?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ ka ìwé ìrìn àjò délẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, pàápàá àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀. Ẹ tọ́jú àwòrán tí wọ́n fi polówó. Bí ohun tí wọ́n tà bá yàtọ̀ sí ohun tẹ́ ẹ bá, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.