Ìpè Láti Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi

Obìnrin tó pè náà ń dá mi lóhùn kí n tó bi í léèrè. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú nìyẹn. Ẹni tó bá pe nọ́ńbà pàjáwìrì kì í sábà fara balẹ̀. Á máa sunkún, á máa kígbe pé "Ẹ gbà wá o!", àwa la ó sì fi sùúrù fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀: níbo lẹ wà, kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé ó ń mí, ta ló wà pẹ̀lú yín? Obìnrin yìí to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni pé òun gan-an ló ṣètò ìbéèrè náà.

"Ilé alájà kan tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́," ló wí. "Ilẹ̀kùn búlúù, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ti ṣubú lulẹ̀. Kò mí mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀yìn wọlé, aṣọ ti dí ọ̀nà iwájú."

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò sì ní díbọ́n pé mi ò mọ̀. Àga tí mo jókòó lé, ìyá mi ló ni ín kí ó tó kú. Ìyá Níbo ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rojọ́ kankan kó tó sọ ibi tó wà. Ó ní bí fóònù bá gé lójijì, ẹni tó mọ ibi tí wàhálà wà ṣì lè rí nǹkan ṣe sí i. Bí mo bá ti ilé-ìwé sunkún wọlé, "Níbo ló ti ń dùn ẹ́?" ni yóò kọ́kọ́ bi mí. Bàbá mi a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí òun dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, "Níbo lẹ ń gbé?" ló fi dá òun lóhùn.

Inú ilé ìdáná wa ló ti kọ́ mi ní gbogbo ètò iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ohùn tó lè mú ọmọrí ìkòkò gbọ̀n. Àmọ́ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé ohùn tó fi ń gba ìpè yàtọ̀, pé ó tutù, ó sì rọlẹ̀. Èmi ò gbọ́ ọ rí. Ó ti kú kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ọjọ́ kan wà tó máa ń dé sílé tí kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹni tó pè ti kú mọ́ ọn létí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé e lórí fóònù yẹn ni gbogbo wa kórìíra jù nínú iṣẹ́ yìí.

Bí obìnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ẹnìkejì mi tó jókòó sí tábìlì tó tẹ̀ lé tèmi sì ti rán áńbúláǹsì lọ. Àwọn tó ń pè máa ń rò pé ìbéèrè wa ń fi àkókò ṣòfò, wọn ò mọ̀ pé ọkọ̀ ti wà lójú ọ̀nà.

"Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀," mo ní, "kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ gidi."

"Ọwọ́ mi ò lè tẹ nǹkan mọ́."

"Ẹ pe ará àdúgbò, mà."

"Wọn ò ní gbọ́ mi. Ìwọ nìkan lo gbọ́."

Mo wá ń gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò, kò, kò, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi òrùka kan tábìlì. Ìyá mi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá ń fetí sílẹ̀. Mo wo ọwọ́ ara mi. Òrùka rẹ̀ wà ní ìka mi, ọwọ́ mi ò sì mira.

Ẹnìkejì mi, tí mo ti sọ fún pé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni, ti pe fóònù alágbèéká rẹ̀. Bàbá gbé e lójú ẹsẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí: "Ta ló ṣubú? Èmi tí mò ń rán kọ́là lọ́wọ́?"

Ọ̀gá wa, obìnrin olórí funfun tó ti pẹ́ jù lọ níbẹ̀, dìde wá bá mi. Ojú rẹ̀ le koko. "Ìpè irọ́ ni. Dá ọkọ̀ padà." Òótọ́ ló sọ. Ọkọ̀ tí wọ́n bá fi ìpè irọ́ gbà lọ́wọ́ wa, ẹlòmíì wà níbì kan tó nílò rẹ̀, bóyá aláboyún tó ń rọbí.

Nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. "A ti dé ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá yìí ń bú wa. Ó ní ṣé tipátipá la fẹ́ fi sọ òun di òkú ni. Ṣé ká máa bọ̀?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Ní etí mi, obìnrin náà sọ wẹ́rẹ́ pé, "Jẹ́ kí wọ́n dúró."

Ìyá mi kì í pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́ lórí fóònù títí yóò fi dá a lójú. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun bẹ awakọ̀ ju kí òun lọ bẹ opó. Ọmọ ẹ̀ sì ni mí.

"Ẹ dúró," mo sọ fún nọ́ọ̀sì. "Ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló ní kí ẹ wọ̀n ọ́n."

"Ọrùn ẹ ló máa wà o," ni ọ̀gá wí.

"Ọrùn mi náà ni kó wà, mà."

Mo gbọ́ tí bàbá mi ń kùn lórí rédíò, mo gbọ́ tó ní, "Ẹ má fún un jù o, ọwọ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà sísọ́ọ̀sì já bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín náà sì gé. Nọ́ọ̀sì kígbe pé bàbá ti ṣubú. Wọ́n ń ka iye ìgbà tí wọ́n ń tẹ àyà rẹ̀, ẹnì kan sì kígbe pé kí gbogbo èèyàn kúrò lára bàbá kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ jí ọkàn rẹ̀. Mo di etí tábìlì mú. Mi ò lè rántí bóyá èmi gan-an ń mí nígbà yẹn.

"Ó ti ń mí," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ariwo ayọ̀ ta nínú yàrá wa. Nọ́ọ̀sì ò tíì parí ọ̀rọ̀. "Áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ó yẹ kí orí rẹ̀ gbá a. Ńṣe ló sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n rọra tẹ́. Fóònù àtijọ́ kan sì wà lórí tábìlì ìgéṣọ, ẹnì kan ti gbé etí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Mo ní kí n lò ó, àṣé okùn rẹ̀ ò kan ibì kankan."

Mo wo nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹpútà mi. Nọ́ńbà fóònù yẹn ni. Bàbá mi ti ní kí wọ́n gé e láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi. Iná ìpè náà sì ń tàn síbẹ̀ lórí tábìlì mi, torí ẹni tó pè kì í gbé fóònù sílẹ̀ títí àwa yóò fi sọ fún un pé ó tó.

Ọ̀gá ki íápíìsì tirẹ̀ bọ tábìlì mi. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ni yín?"

Kò, kò, kò. Lẹ́yìn náà ohùn tútù náà ní, "Ìwọ náà ti di ọ̀gá?"

Ọ̀gá yọ íápíìsì létí. Ó nà ró, ó so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bí ẹni tó wà níwájú àgbà. "Ìyá Níbo," ló wí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́. Àwọn tó mọ ìyá mi nínú yàrá náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara mi bù máṣọ, ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́, orí mi wú pẹ̀lú.

"Màámi," mo ní, "níbo lẹ wà?"

Kíkàn náà dáwọ́ dúró. Ohùn ilé ìdáná ló wá dá mi lóhùn, èyí tó ń mú ọmọrí ìkòkò gbọ̀n. "Hẹn-ẹ́n! Mo ti ń retí kó o bi mí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lo wá fi ṣe ìkẹyìn yìí?" Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. "O ṣe é dáadáa. Ọmọ mi ni ẹ́. Ó yá, tú mi sílẹ̀, ìpè ń wọlé."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá gbọ́ wọn. Fóònù lọ́tùn-ún lósì, nínú yàrá tó ní láti tóbi ju tiwa lọ fíìfíì, àti ohùn àwọn èèyàn púpọ̀ tí wọ́n ń bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Níbo lẹ wà? Níbo lẹ wà?"

Mi ò fẹ́ sọ ọ́. Mo sọ ọ́ ṣá, torí bó ṣe kọ́ mi nìyẹn. "Ẹ ṣeun tí ẹ pè wá. Ìrànlọ́wọ́ ti dé. Ẹ lè gbé fóònù sílẹ̀."

Iná náà kú.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ó gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. Ó wá ní, "Kí ló sọ nípa mi?"

"Wọ́n ní kí àwọn tó ń bọ̀ gba ẹ̀yìn wọlé, pé aṣọ yín ti dí ọ̀nà iwájú."

"Pẹ̀lú bó ṣe kú tó yẹn," ni bàbá wí, ó ń nu ojú, "kò tíì fi aṣọ wọ̀nyẹn sílẹ̀."

Èmi ni mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Látìgbà tí wọ́n ti gbé bàbá lọ, ẹnikẹ́ni ò wọ ibẹ̀. Mo bá etí fóònù àtijọ́ náà ní ipò rẹ̀, ẹnì kan ti gbé e lé e dáadáa.

Àwọn èèyàn ṣì ń kú mọ́ wa létí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ọkọ̀ ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo dúró tì í gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, mo gbọ́ kò, kò, kò, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn obìnrin kan, ó tutù, ó sì rọlẹ̀, tó bi í ní ibi tó wà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn.

Mo nu ojú mi, mo jókòó dáadáa lórí àga ìyá mi, mo gbé ìpè tó kàn.

"Níbo lẹ wà?" mo ní.