Ta Ló Gé Orí Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀?

Òkú tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà ti rí pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá nínú yàrá ife-ẹ̀yẹ yunifásítì láàárọ̀ yẹn rí i lára ju òkú lọ. Fọ́tò ikọ̀ bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n, ìyẹn básíkẹ́ẹ̀tì, tó kọ́kọ́ gba ife fún ilé-ẹ̀kọ́ náà wà nílẹ̀, dígí rẹ̀ ti fọ́ yángá. Wọ́n ti fi abẹ gé orí ẹni tó fò sókè tó ń ju bọ́ọ̀lù àjùgbẹ̀yìn sáwọ̀n.

"Orí ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú nìyẹn," ìyá arúgbó kan sọ. "Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ ẹni tó ju bọ́ọ̀lù yẹn sọ gbọ̀ngàn eré ìdárayá yìí. Fọ́tò yìí nìkan ló sì lè jẹ́rìí fún un."

Ọ̀gá eré ìdárayá, tóun náà wà nínú ikọ̀ yẹn nígbà èwe, mi orí.

"Àbúrò, ọmọdé ni ẹ́ nígbà yẹn. Èmi ni mo ju bọ́ọ̀lù náà. Ọlọ́dẹ yìí tó ń ṣọ́ ibí lóru ni kí wọ́n bi."

"Bàbá, òjò tó rọ̀ lánàá ò jẹ́ kí n kúrò ní géètì," ọlọ́dẹ dáhùn. "Ẹ jẹ́ á máa wò ó. Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ò dá sí wọn. Kéèyàn tó dé yàrá ife-ẹ̀yẹ, á kọ́kọ́ la pápá onípákó inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù kọjá. Ẹrẹ̀ bàtà wá láti ẹnu ọ̀nà dé etí pákó, ó dáwọ́ dúró. Pákó mọ́ tónítóní. Ní òdìkejì, ẹrẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀.

Ó ní kí gbogbo wọn bọ́ síta. Nígbà tó ṣe, ó ké láti inú yàrá náà pé, "Ẹ tètè máa bọ̀, mo ti rí orí náà!"

Ọlọ́dẹ fi bàtà òjò rẹ̀ gba orí pákó kọjá. Ìyá arúgbó wọ́ sálúbàtà tẹ̀lé e. Ọ̀gá eré sáré ju àwọn méjèèjì lọ, àfi bó ṣe dé etí pákó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bọ́ bàtà, tó sì gbé e lọ́wọ́ kọjá.

"Kò lè jẹ́," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Níbo lẹ ti rí i?"

"N ò rí nǹkan kan," ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dáhùn. "Ẹ wo ọwọ́ yín. Olè àná bọ́ bàtà kó tó tẹ pákó, ó sì tún wọ̀ ọ́ ní òdìkejì. Ta ló ń jalè lọ tó ń ro ti pákó? Ẹni tí kóòṣì tó ń kọ́ ikọ̀ ti bá wí títí pé kó má fi bàtà ìta tẹ pákó, tó fi di bárakú sí i lára ni. Ọlọ́dẹ kì í bọ́ tiẹ̀. Orí ọ̀hún dà?"

Bàtà bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá eré.

"Mo ti jù ú sí ṣalángá."

"Ṣé ọ̀rẹ́ yín ni Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀?"

"Yàrá kan náà là ń gbé. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fò."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wò ó bí ẹni ń wo èébì. Ìríra ò jẹ́ kó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Ó ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i pé kó fúnra rẹ̀ dè é mọ́ ọwọ́. Ó wá bi ìyá arúgbó bóyá kí wọ́n wá ẹni tó máa yọ orí náà nínú ṣalángá.

"Rárá o," ìyá náà sọ. "Ẹ gbé fọ́tò náà kọ́ bẹ́ẹ̀, láìlórí. Gbogbo ọmọ tó bá wọlé á bèèrè pé ta ni. Kí ẹ dárúkọ ẹni tó fò fún wọn, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó gé e."