Ọmọ Olóńgbò Inú Igbá

Sìdíkàt ń gbé ní Aba Tìjání, létí odò. Bàbá rẹ̀ ló ni aba náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Sìdíkàt lọ fọ igbá lódò. Eérú, ọmọ olóńgbò rẹ̀, tẹ̀ lé e.

"Míáò! Míáò!"

Sìdíkàt fọ igbá ńlá. Ó gbé e sétí omi. Ó tún mú òmíràn.

Fìrì! Eérú bẹ́ sínú igbá ńlá. Igbá fì síhìn-ín. Igbá fì sọ́hùn-ún. Omi gbé e.

"Eérú! Padà wá!"

Igbá kò padà. Omi ń gbé e lọ, gẹ̀rẹ̀-gẹ̀rẹ̀-gẹ̀rẹ̀.

Sìdíkàt sá tẹ̀ lé e. Pọ̀tọ̀! Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Ó fà á yọ. Ẹ̀gún dí iwájú. Igbá ti lọ.

Sìdíkàt bú sẹ́kún.

Ó wá gbọ́ ìró odó lọ́ọ̀ọ́kán. Gbì! Gbì! Gbì! Wọ́n ń gún èlùbọ́ ní Aba Mákindé.

Sìdíkàt nu ojú. Ó ronú.

Odò yìí kì í lọ tààrà. Ẹ̀yìn Aba Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló ń gbà. Ibẹ̀ ló ti ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́yìn náà ló ń jáde sí Aba Mákindé. Ọ̀nà omi jìn. Ọ̀nà inú oko kòkó kò jìn rárá.

"Odò á yí po. Èmi á gba àárín!"

Ó sá. Pàtì-pàtì-pàtì! Ewé kòkó gbígbẹ ń dún lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Mákindé wà nínú odò. Omi mù ún dé orúnkún. Ó ń yọ ẹja nínú ìgẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ẹ rí igbá tó kọjá?"

"Igbá kankan ò kọjá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró dè é. Eérú wà nínú ẹ̀."

"Ta ló ń kó eérú sínú igbá?"

"Olóńgbò mi ni, Bàbá!"

Wọ́n dúró. Ẹja kan tọ. Ẹyẹ kan kọjá. Igbá kò dé.

"Àbí ó ti rì?"

"Fara balẹ̀, ọmọ mi. Odò ò ní ibòmíràn tó máa gbà."

"Míáò!"

Igbá yọ lẹ́yìn koríko. Ó ń pòòyì. Eérú jókòó láàárín, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán.

Bàbá Mákindé na ọ̀pá gígùn. Ó rọra fa igbá mọ́ra. Sìdíkàt gbá Eérú mọ́ àyà.

Nígbà tí Sìdíkàt gbé Eérú délé, ìyá rẹ̀ ti ń wá a kiri.

"Sìdíkàt! Níbo lo lọ?"

"Aba Mákindé ni, Ìyá mi."

"Ìwọ àti olóńgbò? Ṣé ẹ jọ lọ ni?"

"Rárá o. Eérú gba ojú omi. Èmi gba oko kòkó. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé!"