Ohùn Àlàájà Sìdí ní Mápó

Orúkọ ìyá àgbà mi wà nínú ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀ka wa ní yunifásítì, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú la ṣe fídáù ogójì ọjọ́ rẹ̀. Ìkéde náà ní àpérò ìwádìí yóò wáyé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba yóò sì wáyé ní gbọ̀ngàn Mápó ní Ọjọ́bọ̀. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Louisa Adébọ̀wálé. Lábẹ́ orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ ìyá àgbà sí: Àlàájà Sìdí, Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú.

"N ò kọ ọ́ síbẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí nígbà tí mo bi í. Ó ní kí wọ́n tẹ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún un tẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni orúkọ náà jáde.

Nílé wa, bí obìnrin bá kú, àgbà obìnrin kan á pọn omi, á ti ilẹ̀kùn, á máa wẹ òkú náà, á sì máa kì í ní ìkì ìdágbére kan tí ará ìta kò gbọdọ̀ gbọ́. Orúkọ ẹni tó bá pè nínú ìkì náà ni ọ̀nà ọ̀run ṣí fún. Nígbà tí àǹtí mi Bushrah kú, Ọ̀jọ̀gbọ́n wá kí wa. Èmi ni mo mú un wá, torí òun ló ń bójú tó ìwé oyè mi. A bọ̀wọ̀ fún un, a jẹ́ kó wọ yàrá òkú kó wò ó kó sì jáde. Ó ti fóònù rẹ̀ tó ń gba ohùn sílẹ̀ bọ abẹ́ ẹní kó tó jáde. Ìyá àgbà, tó wẹ Bushrah tó sì kì í, kò mọ̀ títí tó fi kú.

Èmi náà kò mọ̀, àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Mojọlá, obìnrin tó ń bá wa yí ẹ̀rọ, tẹ bọ́tìnì, tí ohùn ìyá àgbà sì jáde láàárín àwọn àlejò tó ń mu tíì. Ó ń pe Bushrah. Inú bí mi. Mo ní, "Mà, olè lèyí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fà mí sí kọ̀rọ̀. "Sọ̀fíyàt, ìwádìí ni. Tó o bá ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, wá ẹlòmíì tó máa fọwọ́ sí ìwé rẹ."

Mo padà síbi ìjókòó mi. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí mò ń bá ná ọjà ni kí n máa wò, kí n má wo ariwo ọjà. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo dákẹ́.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n tún tẹ bọ́tìnì kan náà. Ohùn náà kò pe Bushrah mọ́. "Mojọlá," ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ. Mojọlá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ ló ń ṣe wèrè. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ rẹ̀ bá a lórí ibùsùn wọn ní Ìdí Arère. Ó ti kú. Irun rẹ̀ tutù, òórùn ọṣẹ dúdú ń jáde lára rẹ̀. Ẹnì kan ti wẹ̀ ẹ́.

Mo sáré lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Mápó. Èrò ti kún gbọ̀ngàn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lónìí."

"Ikú Mojọlá kàn ṣe kòńgẹ́ ni," ló wí, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti gbẹ. "Lọ jókòó."

Ó gun pèpéle, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

"Louisa," ni ohùn náà wí.

Ó tẹ bọ́tìnì kó lè pa á, kò pa. Wọ́n fa wáyà yọ, ohùn náà ṣì ń kì í lọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti irun rẹ̀ sórí ìwé tó fẹ́ kà. Ó wá wò mí. N ò rí irú ìwò bẹ́ẹ̀ lójú àgbàlagbà rí.

Obìnrin ilé wa nìkan ló lè dá ìkì náà dúró. Mo gba maikirofóònù. "Ẹ kọ́kọ́ sọ bí ẹ ṣe rí ohùn yìí gbà sílẹ̀, Mà. Kí gbogbo èrò gbọ́."

"Sọ̀fíyàt, ìwé rẹ..."

"Ẹ dáná sun ún."

Ó jẹ́wọ́. Ó sọ ti fóònù, ó sọ ti abẹ́ ẹní, ó ń sunkún. Nígbà náà ni mo kọjú sí ẹ̀rọ. "Ìyá àgbà, èmi ni. Ó ti jẹ́wọ́. Mojọlá kò ṣẹ̀ yín, ẹ sì mú un lọ, ìyẹn ò dáa. Ẹ fi eléyìí sílẹ̀."

Ìyá àgbà dá mi lóhùn bó ṣe máa ń dá mi lóhùn láti inú yàrá.

"Mo gbọ́, Sọ̀fí. Àmọ́ mo ti pọn omi. Ta wá ni kí n wẹ̀?"

Nílé wa, a kì í da omi òkú nù láìlò ó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé mo mọ̀.

"Ẹ dà á nù," ni mo wí.

Omi irun Ọ̀jọ̀gbọ́n dá, ṣùgbọ́n títí di òní, ìyá àgbà kò tíì sọ bóyá ó da omi tó pọn nù. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò ní purọ́, ṣùgbọ́n n ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.