Aṣọ Ọjọ́ Yẹn

Ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣì gbóná nígbà tó bọ́ sí Mabruka lọ́wọ́. Oṣù kìíní ọdún ni, atẹ́gùn òkun Tripoli ń gé ni létí, ọwọ́ tirẹ̀ gan-an ti kú tipẹ́, àmọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n nà sí i láti ojú fèrèsé ẹ̀wọ̀n yìí gbóná bí ẹni pé ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n bọ́ ọ lára èèyàn. Ó gbé e sí imú. Òógùn Miftah, ọmọ rẹ̀, ni. Ìyá wo ni yóò ṣi òógùn ọmọ rẹ̀ mọ̀?

“Ó ní kí n kí yín, Àlájà.” Ashur ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin wọ́dà tó máa ń wà lójú fèrèsé náà. Kì í gbé ohùn sókè rárá.

“Ṣé ara rẹ̀ le, ọmọ mi?”

“Kò sí ohun tó tún lè ṣe é mọ́, Àlájà.”

Mabruka gbà á sí pé ara ọmọ náà le. Ó na àpò tuntun sí i: aṣọ fífọ̀, dàbínù, àti bsisa, ìyẹ̀fun báálì tó fi òróró ólífì pò fúnra rẹ̀.

Bí àwọn ìyá ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń ṣe nìyẹn tẹ́lẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ inú oṣù. O gbé aṣọ mímọ́ wá, o gba ìdọ̀tí lọ. Ìjọba kò gbà kí o rí ọmọ rẹ, ṣùgbọ́n ó gbà kí o máa bá a fọ aṣọ, ẹ ò rí i pé aláàánú ni wọ́n! Aṣọ ìdọ̀tí yìí ni lẹ́tà àwọn obìnrin náà. Àbàwọ́n ọbẹ̀ ń sọ pé ọmọ jẹun. Apá aṣọ tó fà ya ń sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà àti oṣù méje tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n dìde. Ikọ́ ń pa wọ́n, wọn kò rí dókítà, ó sì ti pé ọdún kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti fojú kan ẹbí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́dà kan ṣílẹ̀kùn láti pín búrẹ́dì, wọ́n mú un, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Ohun mẹ́ta péré ni wọ́n béèrè: dókítà, ilé ẹjọ́, kí wọ́n sì rí ìyá wọn. Àwọn ọ̀gá ńlá wá, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, kí gbogbo wọn jáde jókòó sí àgbàlá. Wọ́n jókòó. Ní agogo mọ́kànlá ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́ fún wákàtí méjì. Mabruka gbọ́ ọ láti ilé rẹ̀ ní Tajura, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun pípò. Rédíò ń kọrin ní tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń gba àpò lọ́wọ́ àwọn obìnrin yòókù lẹ́nu géètì ńlá, aṣọ kankan kì í padà. “Lóṣù tó ń bọ̀” ni orin wọn. Mabruka nìkan ló yí gba ẹ̀yìn ògiri ìwọ̀-oòrùn lọ́jọ́ kan, tó rí fèrèsé kékeré náà, tí Ashur sì sọ fún un pé, “Ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan gbọ́ o, Àlájà. Wọ́n á dí i.” Ó pa á mọ́ra. Zuhra, ìyá Salim, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtọjọ́pẹ́, ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ lóṣooṣù, Mabruka ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ṣẹ́ẹ̀tì gbígbóná wà nínú àpò tirẹ̀ lábẹ́ farashiya funfun tó fi bora. Ojú ń tì í. Síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tí à ń wí yìí, wọ́n ké sí gbogbo àwọn obìnrin náà sí yàrá kan lẹ́nu géètì. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì, Ọ̀gá Faraj, ti bu tíì sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

“Àlájà, ẹ fọwọ́ sí ibí. Ọlọ́run ló fún wa, òun ló gbà á. Ọkàn Miftah ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ọdún kẹfà rèé.”

Mabruka wo ìwé tó wà lábẹ́ tirẹ̀, ó wo ti Zuhra, ó wo òmíràn nínú òkìtì ìwé bí ọ̀ọ́dúnrún náà. Ọjọ́ kan náà, àìsàn kan náà.

“Ọ̀ọ́dúnrún ọmọkùnrin,” ló wí, “kí ọkàn gbogbo wọn dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ṣé wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan ni?”

“Àlájà, ẹ má fọ̀rọ̀ ṣeré. Ẹ fọwọ́ sí i, ká lè pa ìwé yìí dé.”

Ó yé e. Bí àwọn ìyá bá fọwọ́ sí i tán, kò sẹ́ni tó dìde rí nínú ẹ̀wọ̀n yẹn, kò sì sẹ́ni tó yìnbọn. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì náà yọ, ó jù ú sórí ìwé. “Ta ni mo wá ń fọ èyí fún? Fọwọ́ kàn án! Ashur ló fún mi láàárọ̀ yìí, lójú fèrèsé ẹ̀yìn.”

Faraj gbé ife tíì kalẹ̀. “Ashur wo? Ashur wà láàárín wọn ní àgbàlá! Òun ni wọ́n mú. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í yìn, ta ló fẹ́ dúró ṣa wọ́dà kan…” Ó gé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Gbogbo obìnrin inú yàrá ló gbọ́ ọ. Faraj yára fi kún un: “Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la mọ ọ́n pa.”

Mabruka ti jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré, àwọn obìnrin ń tẹ̀ lé e, Faraj ń pariwo lẹ́yìn wọn. Oòrùn wà ní àtàrí. Níbi tí ó ti gbé àpò kalẹ̀ láàárọ̀, bíríkì ló wà níbẹ̀, símẹ́ǹtì rẹ̀ ti dúdú, ewédò ti hù sí i.

Ó mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá panu mọ́ tó sì relé, aṣọ gbígbóná yóò tún wà fún un lóṣù tó ń bọ̀, àti lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìdajì ọmọ sàn ju kò sí lọ lójú ìyá. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀ gidigidi.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri.

“Miftah! Má ṣàánú mi mọ́. Gbé aṣọ ọjọ́ yẹn fún mi.”

Bíríkì kan kò yẹ̀, símẹ́ǹtì kan kò là, ṣùgbọ́n aṣọ ń jáde bọ̀ láti inú ògiri, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi já bọ́ sí i lápá. Ihò mẹ́ta ló wà láyà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó ń kán sí i lẹ́sẹ̀.

“Ó ní kí ẹ má bínú,” ni ohùn Ashur wí láti inú ògiri. “Kò fẹ́ kí ẹ sunkún ni.”

“Sọ fún un pé n kò sunkún.”

Zuhra di apá rẹ̀ mú. “Mabruka, o mọ ibí yìí látọjọ́ yìí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Zuhra. Ẹ̀rù ló bà mí. Bú mi tó bá yá. Pe Salim ná.”

Zuhra wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹnu sún mọ́ bíríkì. “Salim, ti ọjọ́ yẹn.” Àwọn yòókù ti ń tò sẹ́yìn rẹ̀.

“Ọ̀gá Faraj,” ni ohùn jẹ́jẹ́ Ashur tún wí, “kí lẹ sọ fún ìyá tèmi?”

Faraj ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀, ètè rẹ̀ funfun. Ó na ọwọ́ sí Mabruka bí alágbe. “Àlájà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ ná, kẹ́ ẹ tó gbé e dé títì.”

Mabruka na ṣẹ́ẹ̀tì náà ní gbangba, ó fi kọ́ èjìká lórí farashiya funfun rẹ̀, ó kọjú sí títì.

“Gbogbo èyí tẹ́ ẹ fún mi ni mo fọ̀,” ló wí. “Èyí, n kò ní fọ̀ ọ́.”